Orúkọ tí òyìnbó kọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi láti Kétu ní ilẹ̀ Benin nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àgbà wa. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Hitler. Àwọn Jámánì mú un ní Faransé ní 1940, ọwọ́ wọn ló wà títí ogun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó kú ní 1983, a kò gbọ́ pé ó gba nǹkan kan rí. Ìyàwó rẹ̀ tó kéré jù ṣì wà láàyè. Àbúrò bàbá àgbà náà, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, lọ sí ogun Ìńdóṣínì, lọ́hùn-ún ní Vietnam. Wọ́n mú òun náà ní 1954. Ó ti lé ní 90 ọdún báyìí, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ọkùnrin kan wá bá wa láti Kútọnu, ó ní ká mú 150,000 sẹ́fà wá, òun á bá wa gba 950 euro lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú àpótí bàbá àgbà, irin pẹlẹbẹ kan la rí, kò ju páálí ìṣáná lọ, wọ́n tẹ Frontstalag 222 sí i lára pẹ̀lú nọ́ńbà. Kí ni ká ṣe?"

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí owó tó jáde. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Bí ẹ bá ti fún un ní àsansílẹ̀, ẹ gbà pé ó ti lọ, ẹ má tún fi òmíràn lé e.

950 euro tó ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn ló sì fi ń rí èèyàn mú. Ní oṣù Kìíní 2023, ìjọba Faransé gbà pé àwọn ajagunfẹ̀yìntì ilẹ̀ Áfíríkà tó ti ń gbé ní Faransé, tí wọ́n ń gba owó ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀, lè padà sílé láì pàdánù owó náà. Kó tó di ìgbà yẹn, dandan ni kí wọ́n lo ó kéré tán ìdajì ọdún ní Faransé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó dúró. Àwọn bàbá tó ti lé ní 80 ọdún ń dá gbé nínú yàrá tóóró lẹ́yìn odi Paris, ìyàwó àti ọmọ wà nílé. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ náà kàn, wọn ò sì pọ̀ rárá. Bàbá tó padà sí Kétu láti ọjọ́ yìí wá kò sí lára wọn. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ìwé. Àwọn oníjìbìtì bẹ́ẹ̀ máa ń gba ojúlówó ìwé lọ́wọ́ àwọn ará ilé, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí Paris. Mo mọ ilé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí tí ìwé sójà bàbá wọn ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò rí i mọ́ títí dòní. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ẹ̀dà nìkan ni kó jáde kúrò nílé, kódà bó jẹ́ èmi ni mo béèrè.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ajagun ní Faransé ni wọ́n ń pè ní ONaCVG. Ìbéèrè fún káàdì ajagun, èyí tí wọ́n ń pè ní "carte du combattant", kì í náni ní nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn. Owó tó máa jáde lápò yín kò ju owó kóòtù, ti fọ́tòkópì àti ti mọ́tò lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà ló ń dùn ọ́ jù, torí irin wọn wà lọ́wọ́ rẹ. Síbẹ̀, Bàbá Kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Wọ́n wà láàyè, ẹnu wọn lè sọ ọ́, ọwọ́ wọn sì lè gba á. Ẹni tó bá ní káàdì ajagun, tó sì ti pé 65 ọdún, ní ẹ̀tọ́ sí owó tí wọ́n ń pè ní "retraite du combattant". Wọ́n ń ṣírò rẹ̀ ní 52 point lọ́dún (ìjọba Faransé ló ń dá iye owó point kan), wọ́n sì ń san án lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí n sọ òótọ́ fún ọ kí ẹ má bàa fi ọkàn sí ohun tí kò sí: gbogbo ti ọdún kan kò tó 950 euro tí ọkùnrin yẹn ṣèlérí fún oṣù kan ṣoṣo. Owó náà kò sì ní padà sẹ́yìn lọ kó gbogbo ọdún tí Bàbá ti jókòó láì gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ yára. 

Ìyàtọ̀ tún wà nínú ọ̀ràn ti Bàbá Kékeré. Faransé ṣe òfin kan ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1989 tó dá ipò "prisonnier du Viet-Minh" sílẹ̀ fún àwọn sójà tí Viet-Minh, ìyẹn àwọn ọmọ Vietnam tó ń bá Faransé jà, mú ní Ìńdóṣínì. Ẹ béèrè fún un pẹ̀lú káàdì náà, ẹ má dúró kí wọ́n fi lọ̀ yín, torí kò sẹ́ni tó máa fi lọ̀ yín. Ojú táwọn òǹdè Viet-Minh rí kò ṣeé fi ẹnu sọ. Nígbà tí Dien Bien Phu, ibùdó ogun Faransé níbẹ̀, wó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1954, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin wọ́n la igbó kọjá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Àrùn ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà àti ebi pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn láàárín oṣù díẹ̀, kí àdéhùn Geneva tó wáyé ní oṣù Keje kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, pàápàá lára àwọn tó ń yin àgbá. Bí Bàbá bá ní àìsàn tàbí ọgbẹ́ tó ti bá wọn bọ̀ láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni, inú ni, etí ni, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ ni owó aláàbọ̀ ara jẹ́, kò bá ti káàdì mu.

Wàyí o, báwo lẹ ṣe máa bi wọ́n? Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbé fóònù síwájú bàbá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò wọ́n bí ọlọ́pàá. Bàbá á dákẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n ti fi ìbọn bi ní ìbéèrè rí kò fẹ́ràn pé kí wọ́n jókòó síwájú òun kí wọ́n máa bi òun. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ràn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wù wọ́n, ọkọ̀ ojú omi ni, obìnrin ni, òjò ibẹ̀ ni. Bí ọjọ́ bá rú wọn lójú, ẹ má tún un ṣe lẹ́nu wọn. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣọ́ ni orúkọ ibùdó, orúkọ ọ̀gá, orúkọ ọkọ̀, ẹni tí wọ́n jọ lọ láti Kétu tàbí Pobè, ibi tí wọ́n ti mú wọn, ibi tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀.

Kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà sójà wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ṣábẹ̀. Bàbá kan ni, abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí, àwọn òkè Ṣábẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ wọn obìnrin tó ti tó 60 ọdún ló mú mi lọ. Gbogbo ìwé ti jóná nígbà tí ilé wọn jó. Mo bi bàbá ní ọdún tí wọ́n bí wọn, wọn ò mọ̀. Mo bi wọ́n ní orúkọ ọ̀gá wọn, wọ́n mi orí. Orúkọ ọmọ-ọmọ tó gbé ẹ̀kọ wá fún wọn gan-an, wọ́n ṣì í pè. Mo wá fi èdè Faransé sọ ọ́, mo ní "Matricule?", ìyẹn nọ́ńbà sójà wọn. Bàbá gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. Wọ́n di ìtì igi mú, wọ́n nà dìde, wọ́n pa gìgísẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ké nọ́ńbà márùn-ún jáde lédè Faransé, ó já gaara, kò sí ìkóhùn kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n ní ká gbé ẹ̀kọ àwọn wá. Ọmọ wọn bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yìn páálí ṣúgà ni mo kọ nọ́ńbà náà sí, torí kò sí bébà nítòsí.

Nọ́ńbà yẹn ló gba ìwé wọn jáde. A kọ̀wé sí ibi tí Faransé kó ìwé ìgbésí ayé àwọn sójà pọ̀ sí, ní ìlú Pau, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CAPM. Ohun tí a béèrè ni "état signalétique et des services", ìwé tó ń sọ ọjọ́ tí èèyàn wọ iṣẹ́ sójà, ẹgbẹ́ tó wà, ibi tó jà sí, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ọjọ́ tó jáde. Nígbà tí èsì dé, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé fi ń pè wọ́n. Akọ̀wé òyìnbó ti kọ orúkọ abúlé wọn sí ibi orúkọ ìdílé. Bí a bá fi orúkọ bàbá nìkan wá a, à bá wá a títí ọdún mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbogbo wà nìyẹn, ọmọ mi. Ọ́fíìsì ìwé ìbí ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí i pé bàbá tí orúkọ rẹ̀ bá sọnù sínú ìwé Faransé, ọwọ́ wọn ló ṣì wà. Ẹ lọ mú un jáde. Bí orúkọ ṣe ń sọnù pọ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Òjó di Odjo, Ìdòwú di Idohou, Adéṣínà di Adechina. Èyí rọrùn, ojú á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ akọ̀wé mìíràn gba oríkì sílẹ̀, òmíràn gba orúkọ bàbá tàbí ti ọ̀gá àdúgbò. Ó tún ní èyí tó wúwo. Nígbà tí òyìnbó ń fi dandan gba ọmọkùnrin fún iṣẹ́ sójà, ọ̀pọ̀ ará Kétu kó ẹrù, wọ́n sọdá sí Ìmẹ̀kọ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjòyè tó bá sì gbọ́dọ̀ kó èèyàn kalẹ̀ lè fi ọmọ ẹlòmíràn dípò ọmọ tirẹ̀. Ọmọ náà á wá fi orúkọ ẹni tí wọ́n fi í dípò jagun. Ẹ bi àwọn àgbà ilé dáadáa, ẹ má bínú bí ohun tí wọ́n sọ bá kan ẹnì kan tí ẹ bọ̀wọ̀ fún.

Bí ẹ bá ti rí orúkọ tó wà nínú ìwé wọn, ẹ má lọ yí orúkọ tí Bàbá ń jẹ́ padà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àṣìṣe yìí: wọ́n á lọ gba ìwé ìbí tuntun tó bá ìwé sójà mu, káàdì ìdánimọ̀ á wá yàtọ̀, ìwé mẹ́ta á di ẹni mẹ́ta. Ohun tí wọ́n nílò ni "certificat d'individualité", ìwé tí ó ń jẹ́rìí pé ẹni tó ń jẹ́ báyìí àti ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà ni. Bí Bàbá kò bá ní ìwé ìbí rárá, ilé ẹjọ́ ló ń ṣe ti "jugement supplétif", ìdájọ́ tó ń dípò ìwé ìbí. Ti agbègbè yín wà ní Pobè. Ẹ mú ẹlẹ́rìí tó dàgbà lọ, ẹni tó mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ tàbí nígbà tí wọ́n dé. Bí nọ́ńbà sójà bá wà nínú ìwé ẹlẹ́rìí náà, ó dáa gan-an.

Ó kù bàbá àgbà àti irin wọn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn kò wọ́pọ̀. Bí o bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wàá rí i pé ohun kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí i lókè àti nísàlẹ̀, ihò tóóró sì wà láàárín tó là á sí méjì. Bí òǹdè bá kú, wọ́n á ṣẹ́ ẹ síbẹ̀, ìdajì á bá òkú lọ, ìdajì á lọ sí ọ́fíìsì. Ti bàbá àgbà rẹ ṣì pé. Wọ́n fi ọrùn gbé e wálé.

Frontstalag 222 wà ní Bayonne, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Faransé, nítòsí ààlà Spain. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé Faransé ni wọ́n wà, kì í ṣe Jámánì. Àwọn òyìnbó Faransé tí Jámánì mú ni wọ́n kó lọ sí Jámánì. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Magreb (àríwá Áfíríkà), Hitler kò fẹ́ wọn lórí ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n á kó àrùn ilẹ̀ gbígbóná wá, wọ́n sì kórìíra àwọ̀ wọn. Inú Faransé tí Jámánì gbà ni wọ́n wá dá àgọ́ sílẹ̀ fún wọn, òun ni Frontstalag. Ní ọdún 1941, àwọn òǹdè ilẹ̀ amúnisìn tó wà nínú àgọ́ wọ̀nyẹn súnmọ́ 70,000. Igbó ni wọ́n ń gé, ọ̀nà ni wọ́n ń la, oko ni wọ́n ń ro, nínú òtútù tí ẹni tó dàgbà ní Kétu kò rí rí. Láti ọdún 1943, Jámánì nílò sójà níbòmíràn, wọ́n sì fi àwọn òyìnbó Faransé fúnra wọn ṣọ́ àwọn àgọ́ kan. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ jà fún ló wá ń ṣọ́ wọn pẹ̀lú ìbọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, n kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Léopold Sédar Senghor tó di ààrẹ Senegal lẹ́yìn náà wà lára irú àwọn òǹdè bẹ́ẹ̀, ó wà ní Poitiers fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 1942 nítorí àìlera. Ìwé tirẹ̀ kò sọnù. Ti àwọn tí kò mọ̀wé ló sọnù.

Nítorí náà, ya fọ́tò irin náà níwájú àti lẹ́yìn, nínú oòrùn, kí nọ́ńbà hàn kedere. Kọ̀wé sí ẹ̀ka àkójọ ìwé iṣẹ́ ológun Faransé tó wà ní Caen. Ibẹ̀ ni ìwé àwọn òǹdè ogun 1939 sí 1945 wà. Kọ̀wé sí Àgbélébùú Pupa ní Geneva pẹ̀lú, torí orúkọ òǹdè dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà ogun. Wọ́n máa ń gba ìbéèrè àwọn ẹbí ní àsìkò díẹ̀ lọ́dún, tí iye tí wọ́n fẹ́ bá pé wọ́n á ti í, ẹ ní láti máa ṣọ́ ọ. Nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí, ẹ kọ nọ́ńbà irin, nọ́ńbà Frontstalag, gbogbo orúkọ tí wọ́n lè fi kọ bàbá, "Dahomey" tí ilẹ̀ Benin ń jẹ́ nígbà náà, àti "tirailleur sénégalais". Orúkọ ẹgbẹ́ sójà ni "tirailleur sénégalais" yẹn, kò túmọ̀ sí pé ará Senegal ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó wá Dahomey nìkan kò ní rí. Bí ẹ bá wá sí Àjàṣẹ́, ẹ dé ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè ní Ouando. Àwọn ìwé ìjọba òyìnbó láti ìgbà Dahomey wà níbẹ̀, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú wọn, ẹ sì wọ aṣọ tí eruku kò ní dùn yín lára rẹ̀.

Kí ló wá lè jáde nínú rẹ̀? Mi ò ní fi oyin sí i. "Retraite du combattant" ń bá ẹni tó ni ín kú ni, kì í kọjá sọ́dọ̀ ìyàwó, kì í kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ kò ní gba owó kankan. Ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ ṣì kù fún. Bó bá jẹ́ pé bàbá ní owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ sójà, tàbí owó aláàbọ̀ ara, opó lè ní ìpín nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ṣì lè béèrè kí wọ́n gba bàbá sí ajagun lẹ́yìn ikú wọn, kí ìyá lè wà lábẹ́ ONaCVG gẹ́gẹ́ bí opó ajagun, kí wọ́n sì lè tọrọ ìrànwọ́ níbẹ̀. Fún èyí, ìgbéyàwó wọn gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Ìgbéyàwó ilé ni, kò sí ní mẹ́rì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀); ilé ẹjọ́ tó ń ṣe ti ìbí náà ló ń ṣe tirẹ̀. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ gbogbo wọn, òkú àti alààyè. Ẹni tó bá fi ìyàwó kan pamọ́ kí tirẹ̀ lè pọ̀ yóò ba ti gbogbo yín jẹ́, mo ti rí i kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì tó mi.

O bi mí ìdí tí bàbá kò fi gba nǹkan kan. Mi ò lè sọ ti bàbá rẹ gan-an kí ìwé tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1959, bí òmìnira ṣe ń bọ̀, Faransé fi abala 71 òfin ìnáwó rẹ̀ dá owó àwọn ajagun ilẹ̀ amúnisìn dúró sí ojú kan. Ti àwọn ọmọ Faransé ń ròkè bí ọjà ṣe ń wọ́n, tiwa kò mì. Ẹni méjì jọ jagun, wọ́n jọ ṣẹ̀ṣe, bàbá Kétu ń gba ohun tí kò lè ra ẹran Iléyá. Àwọn mìíràn rí i bẹ́ẹ̀, wọn kò béèrè mọ́. Ọ̀gá sójà ará Senegal kan, Amadou Diop, ló gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìdájọ́ jáde ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2001 pé ìyàsọ́tọ̀ ni. Ó ti kú kó tó gbọ́ ọ. Láti 2007 wọ́n tún apá kan rẹ̀ ṣe, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2010 ìgbìmọ̀ òfin àgbà Faransé wọ́gi lé àwọn òfin tó ṣì ń ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2011 owó náà di dọ́gba. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọdún 25 tí bàbá àgbà rẹ ti wà nínú ilẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi lẹ́tà àtijọ́ hàn yín pé Bàbá Kékeré kò yẹ, ẹ wo ọdún tó wà lórí rẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n fúnni ní 1990 kò so yín mọ́lẹ̀ lónìí.

O tún ní ẹnì kan ń sọ nílé pé kí ni ìwé fẹ́ ṣe fún òkú. Ẹ sọ fún un nípa Thiaroye, ibùdó sójà kan lẹ́bàá Dakar ní Senegal. Àwọn tí mo ń wí yìí, òǹdè Frontstalag bí bàbá àgbà rẹ ni wọ́n. Ọkọ̀ kó wọn dé Dakar ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 1944, wọ́n ní kí wọ́n san owó ọdún tí wọ́n fi wà lẹ́wọ̀n fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n. Ìjọba ní 35 ló kú. Àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọmọ gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, Dahomey náà. Àárín ọdún 2024 ni Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ mẹ́fà nínú wọn sílẹ̀ pé wọ́n kú fún Faransé, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ààrẹ rẹ̀ tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìpakúpa ni. Mẹ́fà péré, lẹ́yìn 80 ọdún. Orúkọ mẹ́fà yẹn kò ṣàdédé jáde, àwọn ọmọ kan ló ń kan ilẹ̀kùn. Irú owó kan náà tọ́ sí bàbá àgbà rẹ, ẹ kò sì gbọ́ pé wọ́n gbà á, wọ́n sì padà wálé láàyè.

Kétu náà mọ ohun tí à ń wí. Nígbà tí ọmọ ogun ọba Dahomey fọ́ ìlú ní 1886, wọ́n kó èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey, àwọn tó padà bọ̀ lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ọba Dahomey ló tún ilé kọ́. Àwọn ìdílé kan ṣì lè ka orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ fún ọ. Mo fẹ́ kí ti 1940 rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá ti jáde, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí mẹ́rì Kétu àti sí ààfin, ẹ ní kí wọ́n pe orúkọ méjèèjì ní gbangba ní ọjọ́ ìrántí àwọn ajagun, Bàbá Kékeré kí wọ́n sì jókòó níwájú.

Fún ìwé Bàbá Kékeré, ilé-iṣẹ́ aṣojú Faransé ní Kútọnu ni kẹ́ ẹ ti béèrè ibi tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí. Ẹ gba rìsíìtì, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á, fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, kí ọjọ́ àti òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn ọdún kan pé bàbá tí mo ṣe ìwé fún kò tíì mú fáìlì wá rí. Mo ti rí akọ̀wé náà tó fi fáìlì yẹn ṣe ìtẹ́lẹ̀ ife kọfí. N kò ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, kò sí ohun tí mo lè sọ. Bàbá náà kú kí fáìlì kejì tó pé.

Lálẹ́ òní, jókòó ti Bàbá Kékeré. Bi wọ́n ní nọ́ńbà wọn lédè Faransé, kí o kọ ọ́ sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà, ka ìwé yìí fún ìyá àgbà, kí wọ́n mọ ohun tí ó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má tún wá fi 950 euro bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ìyá tún lè rántí ohun tí bàbá máa ń sọ lójú oorun, orúkọ òyìnbó kan, orúkọ igbó kan. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń mú irin náà bọ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí iyanrìn bó o kó lè máa dán. Ibi tí nọ́ńbà wà kò jìn, bó bá bó tán, kò sí ẹni tó lè dá a padà.